Obìnrin Tó Ń Fi Àgbàdo Bọ́ Ẹlẹ́dẹ̀ ní Tamale

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni wọ́n ránṣẹ́ pe Barichisu sí ilé àbúrò bàbá rẹ̀, Àáfà Zakari, ní àdúgbò Sakasaka. Èmi ni mo fi ọkọ̀ ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn gbé e lọ. Láti ibi iṣẹ́ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà, kò yanu. Ìgbà tí mo páàkì sábẹ́ igi dóńgóyárò ló gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí imú, ó gbóòórùn wọn, ó wá yíjú sí mi.

"Ráají, ṣé mò ń rùn?"

"Òórùn ọṣẹ nìkan ni mò ń gbọ́, Dókítà."

"Dúró dè mí níbí. Bí o bá gbọ́ ariwo, má wọlé o."

Fèrèsé yàrá àbáwọlé kọjú sí ibi tí mo wà, kò sì sí ohun tí wọ́n sọ tí n kò gbọ́. Àwọn àgbà ọkùnrin ilé jókòó lórí awọ àgùntàn. Ìyá rẹ̀, Mma Damata, wà lẹ́bàá ògiri, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Àáfà Zakari ní, "Jókòó, ọmọ mi. A ò pè ọ́ wá jà. Ìbéèrè kan péré ni mo fẹ́ bi ọ́. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbi tí ò ń lọ láràárọ̀ yẹn?"

"Iṣẹ́ oúnjẹ ni, Bàbá. Oúnjẹ ẹran àti ti èèyàn."

"Ẹran wo?"

Barichisu tún ìborùn rẹ̀ dì.

"Mo ní ẹran wo? Àgùntàn ni? Awó ni?"

"Adìyẹ wà níbẹ̀, Bàbá." Ó gbójú sókè. "Ẹlẹ́dẹ̀ náà wà níbẹ̀."

Ẹnì kan pariwo, "Subuhánàlláì!" Ohùn ìyá rẹ̀ ni mo tún gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn fẹsẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n Àáfà kò pariwo. Ohùn rẹ̀ tiẹ̀ lọ sílẹ̀ ni.

"Nígbà tí gbogbo àdúgbò ń bi mí pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe, èmi ni mo gbé ọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ síléèwé. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, n kò dá wọn lóhùn. Àṣé nítorí kí o lè lọ máa gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ra ni."

"N kì í jẹ ẹ́, Bàbá. Mo ń bọ́ wọn ni, mo ń wọ̀n wọ́n. Bí ọwọ́ mi bá kàn wọ́n, mo ń wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ní ká wẹ̀ ẹ́."

"Omi á wẹ ọwọ́. Kí ni yóò wẹ orúkọ?"

Àáfà wá ṣe ìdájọ́ rẹ̀: kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó má fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́. Bí Barichisu ṣe ń jáde ni ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ó fẹ́ dì mọ́ ọn ni. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ.

"Má fọwọ́ kan ìkòkò mi mọ́, títí wàá fi mọ èyí tó o fẹ́."

Ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Mo dúró kó sunkún. Ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ. Àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn kò tíì jẹun ọ̀sán."

Tamale ni wọ́n bí èmi náà sí. Ìníṣà ni bàbá mi ti wá, aṣọ ló ń tà. Nígbà tí ìjọba ibí lé àwọn èèyàn wa padà sílé, òun kò lọ, ó fara pamọ́ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀. Anago ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa níbí; òun ni wọ́n ń pè mí ní ilé ìwádìí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Mo ti wa ọkọ̀ fún ọ̀gá tó pọ̀ níbẹ̀. Kò sí èyí tí mo bẹ̀rù fún tó Barichisu, nítorí pé ohun tó ń wá, ó ti ń wá a kó tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ó ní àbúrò kan, Napari, tó máa ń pọ̀n káàkiri nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì kéré. Ìyá wọn lóyún míì, wọ́n já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní ẹ̀kọ àgbàdo láàárọ̀ àti túwó lálẹ́. Ọmọ náà ń jẹ àjẹyó. Irun rẹ̀ wá ń pọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tóbi. Àwọn aládùúgbò ń yin ìyá rẹ̀ pé ọmọ ń sanra. Barichisu nìkan, tó ń wẹ̀ ẹ́, ló rí i pé bí òun bá fi ìka tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní padà bọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní kí wọ́n máa fún un ní ẹyin. Ìyá bàbá wọn ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Napari kú nígbà òjò, nígbà tí àgbàdo pọ̀ lóko débi pé àwọn ewúrẹ́ ń kọ̀ ọ́.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀nà Savelugu, pé: "Ká ní ebi ló pa á, ǹ bá sunkún kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò sùn lébi lọ́jọ́ kan. Kí ló wá pa á?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé yunifásítì ní Kumasi, òun náà ló gbé e sọdá òkun, tó sì dá a padà. Ohun tó kà tí kò tíì yé mi, ó fi ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní, "O mọ àwọn tó ń rán ẹ̀wù fúgù nínú ọjà? Ká ní wọ́n ní aṣọ òfì títí dé àjà, tí òwú tí wọ́n máa fi so ó pọ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Fúgù mélòó ni wọ́n lè rán?"

"Ìwọ̀n tí òwú bá tó ni."

"Òfì tó ṣẹ́kù ńkọ́?"

"Á wà nílẹ̀, á di ẹrù."

"Bí àgbàdo ṣe rí nìyẹn. Ohun tó ń kọ́ ara wà nínú rẹ̀, púrótéènì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n òwú inú rẹ̀ kò tó. Ọmọ á jẹ, á yó, ara kò ní rí ohun so pọ̀."

Àgbàdo kan wà tí òwú inú rẹ̀ tó. Kì í ṣe òun ló ṣàwárí rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jẹ́ kó gbé lọ́dọ̀ wa. Ó sì le. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá, ọkà rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀fun. Kòkòrò jẹ ẹ́ nínú aká, túwó rẹ̀ kò sì dì. Àwọn obìnrin abúlé Gbinyili dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ní kó gbé e lọ fún àwọn tó bí i. Ó wá a títí ó fi rí èyí tó le. Ó gbìn ín, ó yọ dáadáa, ó kórè rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò: òwú ti tán nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti gbé ìyẹ̀fun òdòdó àgbàdo lásán láti oko aládùúgbò wá bà á jẹ́. Iṣẹ́ odindi ọdún kan di oúnjẹ adìyẹ. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn tó jókòó sáàárín ebè, tí kò lé kòkòrò tó ń rìn lórí ìborùn rẹ̀.

Nígbà tó wá rí irúgbìn gidi, ó ku kó fi han àwọn tó máa fọwọ́ sí i pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Màlúù àti àgùntàn kò wúlò fún èyí. Inú wọn lè sọ koríko gbígbẹ di ẹran. Inú ẹlẹ́dẹ̀ ló jọ tiwa jù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ní kó lo eku. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ni yóò tìtorí eku pa irúgbìn bàbá rẹ̀ tì?"

Bó ṣe di ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, a pín wọn sí ọgbà méjì tí ògiri kan là láàárín. Apá kan ń jẹ àgbàdo lásán, apá kejì ń jẹ àgbàdo tuntun; iyọ̀, omi, gbogbo nǹkan tó kù, bákan náà. Ẹni tó ń tọ́jú wọn ni Kuuire, ọkùnrin ẹ̀yà Dagaaba kan láti ìlú Nandom, tó dàgbà ju Barichisu lọ. Ó fẹ́ràn ẹlẹ́dẹ̀ bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn ẹṣin.

Olùkọ́ kan wà tó ti ń bọ̀ wá fẹ́ Barichisu. Lẹ́yìn ìpàdé ilé Àáfà, àwọn ìyá olùkọ́ náà wá gba obì wọn padà. Kuuire gbọ́ ọ, ó fẹ́ dá a lára yá.

"Dókítà, ẹ má sunkún. N óò mú yín délé. Ní Nandom, obìnrin tó mọ ẹlẹ́dẹ̀ í bọ́, àwọn ọkùnrin á máa jà sí i ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ọtí ọkà bàbà nìkan lẹ óò máa fún mi mu níbẹ̀."

"Ẹ óò jó nìyẹn!"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ààwẹ̀ lé, inú ọ́fíìsì ló ti ń ṣínu. Èmi àti òun la jọ ń jẹ dàbínù. Kò bi mí léèrè ilé Àáfà, n kò sì sọ pé mò ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Inú ààwẹ̀ yẹn gan-an ni àrùn dé. Rédíò ló kọ́kọ́ sọ ọ́, pé ibà kan ti ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ní gúúsù. Kò pẹ́, ó dé àdúgbò àwọn tó ń pọn ọtí lẹ́yìn ìlú. Etí ẹlẹ́dẹ̀ á pọ́n, kò ní jẹun mọ́, á ṣubú. Àrùn náà kò ní oògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kì í ran èèyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn, bàtà èèyàn, táyà ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé e kiri. Ìjọba ní gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tó bá wà nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n máa pa, alára líle àti aláìsàn, kí wọ́n sì sun wọ́n. Ilé ìwádìí wà nítòsí ibẹ̀. Dókítà ẹran kan, Agbeko, pe Barichisu lórí fóònù pé ọ̀la làwọn ń bọ̀.

Díẹ̀ ló kù kí àyẹ̀wò náà parí. Ẹni tí kò mọ ìwé pàápàá lè rí ìyàtọ̀ àwọn ọmọ ìyá kan náà yẹn: àwọn apá ọ̀tún tó ń jẹ àgbàdo tuntun gùn, ara wọn ń dán, àwọn apá òsì rí bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó máa fọwọ́ sí i kì í fi ojú lásán gba nǹkan. Wọ́n ní kí ó parí.

Kuuire wọlé láì kan ilẹ̀kùn.

"Dókítà, wọ́n ti lọ kírun ọ̀sán. Kò sẹ́ni ní géètì. Ká kó wọn báyìí, a óò ti kọjá Damongo kí oòrùn tó wọ̀. Ilé ìyá mi ní àyè. Ẹ óò parí iṣẹ́ yín níbẹ̀."

"Wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ kúrò."

"Ẹlẹ́dẹ̀ aláìsàn ni wọ́n ń sọ! Àwọn wa yìí jẹun láàárọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ ọpọ́n. Anago, ṣé epo wà nínú ọkọ̀ rẹ?"

Mo wo Barichisu. Ó ti dìde, ó ń wo ìta lójú fèrèsé. N óò sọ òótọ́: mo fẹ́ kó ní ká lọ.

Ó ní, "Ẹ fi pákó là wọ́n láàárín. Wọn ò gbọdọ̀ dàrú."

A kó wọn. A fi tapólì bò wọ́n, a sì gba ọ̀nà Yapei. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú, òùngbẹ ń gbẹ èmi àti Barichisu nítorí ààwẹ̀, Kuuire náà kò sì mu omi níṣojú wa. Gbogbo alùpùpù tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn, mo ń rò pé ọlọ́pàá ni. Kó tó di pé a dé afárá, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ooru abẹ́ tapólì fẹ́ pa wọ́n. Kuuire ní kí n dúró níbi ahéré kan lẹ́bàá títì kí a fún wọn lómi.

Obìnrin kan jáde wá pẹ̀lú igbá omi, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, abo ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ wà ní síso, ó gùn gbọọrọ. Ó ká tapólì sókè fúnra rẹ̀.

"Háà! Ẹlẹ́dẹ̀ tó lẹ́wà báyìí! Ẹ fi akọ kan sílẹ̀ fún mi jàre, abo mi ń wá ọkọ."

Kuuire ní, "Ìyá, ọ̀dọ́ ṣì ni wọ́n."

"Abo tèmi náà kì í ṣe àgbà!"

Ó ki ọwọ́ bọ inú ọkọ̀, ó ń fọwọ́ pa imú wọn, wọ́n ń lá ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yípadà, ó ń lọ sídìí abo rẹ̀ láti fi hàn wá bó ṣe sanra tó. Ó ti na ọwọ́ yẹn síwájú.

Barichisu bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ìyá! Ẹ má kàn án! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn án!"

Obìnrin náà dúró gbagidi.

"Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ọṣẹ dà? Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dé ìgúnpá."

"Kí ló dé? Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ yín ń ṣàìsàn ni?"

Barichisu gba igbá omi lọ́wọ́ obìnrin náà, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ ọwọ́ rẹ̀ fún un, bí ẹni ń wẹ ọmọ. Nígbà tó padà wá sídìí ọkọ̀, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ráají, yí ọkọ̀ padà."

Kuuire ní, "Kí lẹ wí?"

"À ń padà."

"Ara wọn le! Èmi ni mò ń tọ́jú wọn, èmi ni mo mọ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè fi orí ìyá yín búra pé kò sí nǹkan lára wọn?" Kuuire yíjú sí inú ọkọ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀ mélòó ló wà lágboolé yín ní Nandom?"

"Gbogbo ilé ló ń sìn ín. Òun ni wọ́n fi ń sin òkú, òun ni wọ́n fi ń rán ọmọ níléèwé."

"Ibẹ̀ lẹ fẹ́ kó wọn lọ."

Kuuire wá gbàgbé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ìwọ! Ìwọ tí kì í jẹ ẹ́! Ìwọ tí wọ́n lé nílé nítorí rẹ̀! Ọwọ́ ara rẹ lo fẹ́ fi kó wọn fún àwọn tó máa sun wọ́n? Kí lo wá ń ṣe láti ọjọ́ yìí?"

"Mi ò mọ̀," ni Barichisu sọ. "Ráají, yí i padà."

Mo yí i padà. Kuuire kọ̀, kò wọlé. Mo rí i nínú dígí tó dúró sójú títì, ó káwọ́ lérí, títí eruku fi bò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kuuire ti wà ní ọgbà kí a tó dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ti fún wọn lóúnjẹ, ó sì ti fọ ilẹ̀ bíi pé àlejò ń bọ̀.

Agbeko dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n wọ bàtà rọ́bà, wọ́n ti gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé. Barichisu kọ́kọ́ sọ fún un pé àwọn kó wọn jáde lánàá, dé ibo, àti ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀gá ilé ìwádìí dúró níbẹ̀, ó di orí mú. Agbeko wò ó títí.

"Madam, ẹ mọ̀ pé wọ́n lè tì yín mọ́lé?"

"Mo mọ̀. Ẹ rán ènìyàn lọ wo ẹlẹ́dẹ̀ obìnrin yẹn. Kí ẹ tó pa tiwa, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n wọ́n."

"Àkókò dà?"

"Ẹ ṣáà fún mi."

Ó gbà. Kuuire ń gbé wọn lé òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe ìwọ̀n wọn. Ibi tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo gbójú sókè, mo rí Àáfà Zakari létí wáyà tó yí ọgbà ká. Wọ́n ti sọ fún un nínú ìlú pé ọlọ́pàá mú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó kó agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó dúró síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn bá a. Barichisu rí i, ó lọ dúró ní apá kejì wáyà. Kò sún mọ́ ọn púpọ̀.

Àáfà ní, "Kí ni wọ́n fi bọ́ àwọn tó sígbọnlẹ̀ yẹn?"

"Àgbàdo, Bàbá."

"Àwọn tó rù yẹn ńkọ́?"

"Àgbàdo ni."

"Ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan."

"Ọ̀kan ni. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn."

Àáfà wo àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo ohun tí kò yẹ kó wò, tí kò sì lè gbé ojú kúrò. "Kí ọmọ èèyàn tó jẹ ẹ́, àfi kí èyí kọ́kọ́ jẹ ẹ́?"

"Inú rẹ̀ ló jọ tiwa jù, Bàbá."

"Astagfirúláì," ni Àáfà wí, ó tutọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró títí wọ́n fi wọn èyí tó kẹ́yìn, ó wá yíjú padà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí pa wọ́n.

Wọ́n dá Barichisu dúró lẹ́nu iṣẹ́. Èyí kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Lójoojúmọ́, ó ń wọ ọkọ̀ èrò tírótírò lọ sọ́nà Yapei, á dúró sí òdìkejì títì, kò ní sọdá, á nahùn pe obìnrin yẹn.

"Ìyá, ṣé ó jẹun lónìí?"

"Ó jẹun!"

"Etí rẹ̀ ńkọ́?"

"Dúdú ni! Ṣé ìwọ lo lóyún rẹ̀ ni, tó ò ń bi mí báyìí?"

Abo ẹlẹ́dẹ̀ náà kò kú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Agbeko fúnra rẹ̀ wá sí ilé ìwádìí. Ó pe èmi àti Kuuire jókòó, ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí Barichisu. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wa kí wọ́n tó pa wọ́n, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní Accra. Àrùn ti wà lára méjì nínú wọn. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣeré, ó ti wà lára wọn.

Kuuire bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi bojú, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Barichisu lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi náà kó wọn sínú ọkọ̀. Àwa méjèèjì ni."

"Mo pè ọ́ ní ìwọ," ni Kuuire wí láti inú fìlà. "Mo bú ọ lójú títì."

"Ẹ bú mi. Ó tọ́ sí mi."

Ìgbìmọ̀ kò gba àyẹ̀wò tí kò parí. Nígbà tí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, adìyẹ ló fi bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà kí ẹlẹ́dẹ̀ padà sí agbègbè wa, ó ra ìyá ẹlẹ́dẹ̀ tuntun, Kuuire ló lọ yàn án. Ó pẹ́ gan-an. Irun iwájú rẹ̀ ti ń funfun kí wọ́n tó fọwọ́ sí àgbàdo náà. Ó fẹ́ ọkùnrin kan láti Yendi tó ń sin oyin, tó ní èèyàn tí oyin ń ta lójoojúmọ́ kò lè máa bẹ̀rù ẹlẹ́dẹ̀.

Nílé, nǹkan kò tún ara rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan. Ó padà lọ lọ́jọ́ kan nínú ààwẹ̀, lákòókò ìṣínu. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹun nínú àwo yẹn.

Wàhálà tó ṣẹ́kù ni ti afẹ́fẹ́. Àgbàdo náà kò ní wà bó ṣe wà bí aládùúgbò bá gbin èyí tó yàtọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àfi kí gbogbo abúlé fohùn ṣọ̀kan. Ta ni yóò kó gbogbo abúlé lẹ́nu pọ̀? Ní Gbinyili, níbi tí wọ́n ti da ọkà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ rí, Àáfà Zakari ní oko bàbá wọn níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá àwọn ará ibẹ̀ lẹ́yìn ìrun, èmi ni mo gbé e lọ. Wọ́n bi í pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àgbàdo yìí dára ju tàwọn lọ.

Àáfà ní, "Ẹ bi mí ní ohun gbogbo, ẹ má bi mí ní ìyẹn. Ẹ ṣáà gbìn ín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbìn ín, láti etí odò títí dé ẹ̀yìn mọ́sáláṣí. Barichisu máa ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má tìtorí rẹ̀ fi ẹ̀wà àti ẹyin du ọmọ, pé àgbàdo kì í ṣe ẹran. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan kò gbọ́. Ní báyìí, ìlú Karaga ló kù tó ń bá jà; olóyè ibẹ̀ fẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè la tún ń lọ.